Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Gbé Wá, Tí Wọ́n Sì Gbé Lọ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra àwọn àlejò tí ẹ ò ránṣẹ́ pè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà yìí, bí ilẹ̀ ibí ṣe tutù tó nì. Mo kí Àǹtí Mojí níbi tí wọ́n gbé wọn lọ. Mo kí gbogbo agbo-ilé wa tọmọdé tàgbà, mo kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì kí àwọn Àlàájà ẹ̀gbẹ́ ilé wa tí wọ́n wá jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san oore wọn.

Lẹ́tà yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn tí mo ti ń kọ. Èyí tí mo fọwọ́ kọ, ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé ló máa mú un wá. Ṣùgbọ́n mo tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà síta, síbi tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Yorùbá ti lè kà á. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kí n tó parí. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pè mí, ẹ bi mí pé kí gan-an ni mo kọ tí àwọn ọkùnrin méjì fi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Fóònù já kó tó di pé mo là á yé yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹrù là ń gbé. Àpótí á máa yí bọ̀ lórí bẹ́líìtì, àwa á máa kó o sínú ọkọ̀, àpótí kì í tán, bẹ́ẹ̀ ni a kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní Pólì lórí iṣẹ́ iná ṣì wà nínú báàgì tí ẹ dì fún mi. Oòrùn ibí dà bí aláìsàn tó yọjú lójú fèrèsé tó sì padà lọ dùbúlẹ̀. Òjò ibí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ̀ kó dá. Ńṣe ló máa ń kán wínníwínní láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá tó kàn mí, ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìdánìkanwà yìí ló tì mí dé ilé ìkàwé àdúgbò, torí ibẹ̀ móoru, wọn kì í sì í lé èèyàn.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kọ́ mi bí èèyàn ṣe lè ní ojú-ewé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Màmá, ẹ fojú inú wò ó báyìí: bí ẹ bá rán aṣọ tó dáa, ẹ máa ń gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí ẹni tó ń lọ lè rí i. Ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá rí ibi tí ẹnìkan ti kọ ohun tó wúni lórí nípa ẹ̀rọ, màá sọ fún àwọn èèyàn pé mo rí i, màá sọ èrò tèmi lé e, màá sì fi ìlà aláwọ̀ aró kan sábẹ́ rẹ̀. Líǹkì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé e dé ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà gan-an, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, kó má baà jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ló gbọ́ ọ.

Mo kọ nípa rédíò kan tí kì í lo bátìrì, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n ń fi yí i bí ẹ ṣe ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ yín nígbà tí a wà ní kékeré. Mo ní irú rẹ̀ ló yẹ kó wà ní gbogbo abà tó wà lọ́nà Sekona. Mo kọ nípa àwo tó ń gba ìtànṣán oòrùn tó ń sọ ọ́ di iná, mo ní ó ṣe mí ní kàyéfì pé níbi tí oòrùn ò ti tó nǹkan ni wọ́n ti ń lò ó, tí àwa tí oòrùn ń sun lórí sì ń tò de kẹrosíìnì. Arákùnrin ọmọ Ìbàdàn kan tó wà ní Kánádà kọ̀wé pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ, pé àwo náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. A bára wa jiyàn títí. Mo gbádùn rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan ń retí ọ̀rọ̀ tó máa tẹnu mi jáde.

Gbogbo ohun tí mò ń ṣe kò ju ìyẹn lọ, títí kásẹ́ẹ̀tì yín fi dé.

Ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn jù mí lọ, torí ohùn yín àti ti Àǹtí Mojí ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn máa ka èyí, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹdẹ ni Àǹtí Mojí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Òrùlé ibẹ̀ ń jò, owó oṣù àwọn tíṣà sì ń fẹsẹ̀ falẹ̀ bọ̀ nígbà tó bá wu ìjọba. Ọ̀gágun kan, tí wọ́n ní kó mójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fáwọn ilé-ẹ̀kọ́, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí yàrá kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Inú Àǹtí Mojí dùn bí ẹni tó bímọ. Àwọn àti àwọn ọmọ kíláàsì wọn ló lé àdán kúrò nínú yàrá kan tí wọ́n ti pa tì, wọ́n fọ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n kun ògiri rẹ̀. Àǹtí Mojí wá bẹ ìyá wa pé kí wọ́n bá àwọn rán ìbòrí tí wọ́n máa fi da àwọn ẹ̀rọ náà, kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Màmá mi, aránṣọ yúnífọ́ọ̀mù ni yín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ mú aṣọ aláwọ̀ aró, ẹ gé e, ẹ rán an, ẹ sì fi òwú aláwọ̀ iyeyè kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà sára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ ní ọrẹ tiyín fún àwọn ọmọ náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí i, wọ́n to àwọn ọmọ sínú oòrùn láti àárọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí ọ̀gágun tó dé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó ń fọn fèrè. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà tàn yòò. Wọ́n pe ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Rísíkátù pé kó wá tẹ ohunkóhun tó bá wù ú, ó sì tẹ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó rí i tó yọ lójú ẹ̀rọ, Àǹtí Mojí ní ńṣe ló fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gágun sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ayé tuntun ti wọ Ẹdẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó wọkọ̀, ó lọ.

Eruku ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí lọ́rí fi ẹ̀yìn wọ inú ọgbà. Àwọn ṣọ́jà bọ́ sílẹ̀, wọ́n yọ wáyà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan tìbòrí-tìbòrí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan kan ni wọ́n fẹ́ tún ṣe lára wọn, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á kó o padà. Rísíkátù wá sọ́dọ̀ Àǹtí Mojí, ó bi wọ́n léèrè pé, “Mà, ṣé wọ́n á bá mi tọ́jú orúkọ mi?”

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Ìyá kan wá láti ìlú Awo, ó mú aṣọ wá fún yín láti rán. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá òun rán ìbòrí kan fún tẹlifíṣọ̀n òun, irú èyí tí òun rí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nígbà tí ọ̀gágun kan wá ṣí yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ ní báwo ló ṣe rí. Ó ní aláwọ̀ aró ni, òwú iyeyè ni wọ́n fi kọ nǹkan sí i, òun ò mọ̀wé kà. Ẹ wá fa yúnífọ́ọ̀mù kan yọ, ẹ nawọ́ sí bí ẹ ṣe kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ Àǹtí Mojí sí àyà rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó tún fi kún un pé kọ̀ǹpútà náà ò sí ní Awo mọ́, wọ́n ní wọ́n lọ tún un ṣe.

Mo pa kásẹ́ẹ̀tì náà níbẹ̀. Oúnjẹ wà níwájú mi, mo gbé e dà nù. Ó rí mi lára, Màmá. Kì í ṣe pé ológun purọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ta ni kò mọ irọ́ wọn? Èyí tó rí mi lára jù ni pé wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà tẹ orúkọ rẹ̀. Wọn ì bá ti ya fọ́tò wọn kí wọ́n máa lọ. Wọ́n jẹ́ kó tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn ní Awo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti ṣe é níbòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo kọ ọ́ sójú-ewé mi bó ṣe rí. Mi ò dárúkọ Àǹtí Mojí, mi ò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́, èmi fúnra mi ò fi orúkọ mi sí i, ‘Ọmọ Ẹdẹ’ lásán ni mò ń pe ara mi níbẹ̀. Mo fi líǹkì kan sí i, tó lọ síbi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan nílẹ̀ òkèèrè ti ń fi kọ̀ǹpútà tiwọn kọ ìtàn nípa adìyẹ tí wọ́n ń sìn. Mo ní kí àwọn èèyàn fi wé tiwa.

Bọ̀dá Dèjì ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi hàn. Ẹ mọ̀ wọ́n, ọmọ Ẹdẹ bíi tèmi ni wọ́n, àwọn ni wọ́n fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí òtútù fẹ́ pa mí. Ọjọ́ Àìkú la máa ń jọ jẹun. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún àwọn kí àwọn lè máa kà á nínú ọkọ̀ ojúurin. Orí mi wú. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Bébà yẹn ni àwọn ọkùnrin méjì náà mú lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ fún yín pé ‘Dèjì tó jẹ́ èèyàn wa lọ́hùn-ún’ ló fi í ránṣẹ́. Ẹ fún wọn ní àga, wọn ò jókòó. Wọ́n ń fọwọ́ tú aṣọ oníbàárà yín wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ bi wọ́n bóyá irọ́ ni ọmọ yín pa. Èyí àgbà nínú wọn ní, “Ìyá, a ò sọ pé irọ́ ni. Kó yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, kó wá fi fọ́tò ọ̀gá síbẹ̀, kó kọ ọ́ pé ọ̀gá ló mú kọ̀ǹpútà dé Ẹdẹ. Kò sí ìjà.”

Wọn ò tilẹ̀ sọ pé irọ́ ni! Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wo ìdọ̀tí. Olè tó bá sá, ó mọ̀ pé olè lòun. Èyí dúró sójú ọ̀nà, ó ní kí ẹni tí òun jà lólè kọrin ki òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yíjú sí Àǹtí Mojí, torí wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí ọmọ yín ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀, kí wọ́n sọ pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀ láti ibi àtúnṣe. Àǹtí Mojí dúró níwájú wọn lóòótọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àǹtí Mojí ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rí i nígbà tó dé, ẹ sì rí i nígbà tó ń lọ. Mi ò ní kọ́ yín ní ohun tó yàtọ̀ sí èyí tí ojú yín rí.” Wọ́n bá gba kíláàsì wọn lọ, wọ́n lọ kọ́ wọn ní ìṣirò. Kí oṣù tó parí, ìjọba ti gbé wọn lọ sí abúlé kan tí ọkọ̀ kì í dé, tí wọ́n ń gun ọ̀kadà dé ibì kan lọ́nà kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Èmi gba ilé Bọ̀dá Dèjì lọ. Ẹ má bínú sí mi, Màmá, ẹ kọ́ mi kí n máa fi ‘wọ́n’ pe ẹni tó bá jù mí lọ, ṣùgbọ́n láti ibi yìí lọ, ẹnu mi kò gbà á mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó bu ìrẹsì fún mi. Mo rò pé yóò sẹ́. Kò sẹ́. Ó ní báyìí layé ń lọ, pé ìjọba tó wà lóde là ń bá ṣe, pé wọ́n ti ṣèlérí nǹkan kan fún òun bí òun bá padà wálé. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbé Àǹtí Mojí lọ sí abúlé. Ó ní ìyẹn máa rọlẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó ní, “Àbúrò, ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe. Kọ́ mi bí èmi náà ṣe lè ní ojú-ewé. Àwọn ní kí n máa gbé iṣẹ́ ọ̀gá síbẹ̀.”

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ìtìjú kékeré kan lè wà níbẹ̀. Ó kàn ń dúró de ìdáhùn mi ni. Mo dìde, mi ò fọwọ́ kan ìrẹsì náà. Nínú ọkọ̀ ojúurin, mo ń nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò títí mo fi délé, bẹ́ẹ̀ mi ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó rí ẹlòmíràn kọ́ ọ. Ojú-ewé rẹ̀ jáde, fọ́tò ọ̀gágun kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nínú ọ̀kan, ọ̀gágun dúró ti kọ̀ǹpútà kan ní Awo, wọ́n kọ ‘Awo’ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ìbòrí yín sì wà lórí kọ̀ǹpútà náà, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ Ẹdẹ hàn kedere lára rẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n fi ń purọ́. Mo fi líǹkì rẹ̀ sí ojú-ewé mi, mo sì kọ ìlà kan ṣoṣo lé e: ẹ ka ohun tó wà lára aṣọ yẹn.

Wọ́n kà á káàkiri. Ọ̀pọ̀ ló kọ̀wé sí mi pé àwọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn. Àwọn kan ní mò ń tú ìdí ilé wa han òyìnbó. Arákùnrin Kánádà ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ, pé ìyẹn ló mú òun wá sọ́dọ̀ mi, kí n yéé fi òṣèlú bà á jẹ́. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó béèrè pé kí ló dé bá tíṣà náà. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí rí mi lára díẹ̀ bí ọ̀gágun fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ́ síta báyìí kí wọ́n lè kà á.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé màá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo rò ó pé bí mo bá yọ ọ́, wọ́n lè dá Àǹtí Mojí padà sí Ẹdẹ. Ọjọ́ tí ẹ lọ sí Òṣogbo láti pè mí nìyẹn, tí Àǹtí Mojí tẹ̀lé yín. Mo sọ ìpinnu mi fún yín. Ẹ sọ fún mi pé dáàkónì kan ti wá bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, pé àwọn oníbàárà kan ò yà lọ́dọ̀ yín mọ́, ọ̀nà òdìkejì ni wọ́n ń gbà. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ yọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń bo irọ́ kiri. Ìwọ tún fẹ́ bá wọn bò ó? Má yọ ọ́. Kọ orúkọ mi síbẹ̀ pé èmi ni mo rán an, kí o sì kọ tìẹ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí, ó mọ ṣọ́ọ̀bù mi.”

Àǹtí Mojí gba fóònù lọ́wọ́ yín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní àwọn ọmọ abúlé náà mọ ìṣirò ju bí àwọn ṣe rò lọ, kí n wá ohun tí wọ́n bá kọ nípa rédíò tí wọ́n ń fọwọ́ yí yẹn ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn fẹ́ kà á fún wọn. Wọn ò sọ pé ara dá àwọn, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu wọn. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ le.

Nítorí náà, Màmá, mi ò yọ ọ́. Ohun tí ẹ ní kí n kọ ni mo kọ yìí. Ìríra náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti kúrò. Nígbà mìíràn tí mo bá ń gbé àpótí níbi iṣẹ́, tí mo bá rí èyí tí wọ́n ya àwòrán kọ̀ǹpútà sí lára, ọwọ́ mi kì í fẹ́ kàn án. Ṣùgbọ́n mò ń gbé e.

Bí àwọn ọkùnrin yẹn bá tún wá, ẹ má dá nìkan dá wọn lóhùn. Ẹ pe àwọn Àlàájà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ojú yín kò ní ríbi, ọwọ́ yín kò ní rọ, abẹ́rẹ́ kò ní gún yín lọ́wọ́. Ẹni tó lé Àǹtí Mojí kúrò nílé yóò fojú rí ìgbà tí wọ́n máa padà dé, a ó sì jọ jẹun lọ́jọ́ náà láṣẹ Olúwa. Ẹ bá mi kí Rísíkátù bí ẹ bá rí i lọ́nà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ bá mi kí ìyá tó wá láti Awo. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti béèrè.

Èmi ni,
Akínwùmí, ọmọ yín, ọmọ Comfort Àbẹ̀kẹ́ aránṣọ, Ẹdẹ.